Owó Orí Láìsí Ìbò

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló lè dìbò ní 1923? Òfin ọdún 1922 fún Èkó àti Kàlàbá nìkan láyè, ọkùnrin tí ń rí pọ́n-ùn 100 lọ́dún ni. Ẹ̀gbá kò sí níbẹ̀; bẹ́ẹ̀, láti 1918 ni obìnrin Abẹ́òkúta ti ń san owó orí.

Nígbà tó sú wọn, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn. Wọ́n ní àwọn kò ní í sanwó níbi tí àwọn kò ti lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀.

Obìnrin ìhà ìsàlẹ̀ ti ń dìbò kí òmìnira tó dé, ṣùgbọ́n ní 1959, ti Òkè Ọya kò dìbò. Òfin ìpìlẹ̀ 1979 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ẹni ọdún 18, tọkùnrin tobìnrin, ní ẹ̀tọ́.

Ohun tí àwọn ìyá wa jà fún, ẹ má fi ra iyọ̀.