Snorkel nínú púùlù: iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ẹni tí kò tíì yẹ kó lò ó

Bí ẹ bá dé púùlù tí àwọn tó ń fi ìlúwẹ̀ẹ́ ṣe eré ìdárayá ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ síwá sẹ́yìn, ẹ ó rí àwọn kan tí wọ́n fi páìpù sẹ́nu. Páìpù yẹn á gba àárín ojú kọjá sókè orí. Wọ́n á dojú délẹ̀ sínú omi, wọn ò sì ní yí orí láti mí títí wọ́n á fi dé ìpẹ̀kun kejì. Snorkel nìyẹn. Ìbéèrè méjì ni wọ́n sábà máa ń bi mí nípa rẹ̀: kí ló wà fún, ṣé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ sì lè lò ó? Ìdáhùn mi sí èkejì ni pé rárá, kò tíì yá.

Kì í ṣe snorkel tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń wo ẹja létí òkun là ń sọ o. Ìyẹn máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, awò tó bo imú ló sì máa ń bá a rìn. Ti púùlù wà ní àárín gbùngbùn iwájú orí kó má baà dí apá lọ́wọ́, kí omi má sì máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Goggles lásán lẹ máa lò pẹ̀lú ẹ̀, imú yín á sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń mú wàhálà mímí kúrò kí ẹ lè ráyè tún nǹkan yòókù ṣe. Nínú freestyle, mímí ló máa ń ba ètò ara jẹ́ jù. Èèyàn á gbé orí sókè kó lè rí afẹ́fẹ́, ìbàdí á rì, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e, ọwọ́ tó wà níwájú á sì máa ti omi sísàlẹ̀ bí ẹni fọwọ́ ti tábìlì, dípò kó fa omi sẹ́yìn. Tí snorkel bá wà lẹ́nu, orí á dúró sójú kan. Ẹ ó wá lè fojú ara yín wo ọwọ́: ṣé ó ń kọjá àárín orí bó ṣe ń wọ omi? Ṣé ìgbọ̀nwọ́ ń já sílẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ tó di omi mú? Èmi kì í lò ó fún nǹkan míì tó báyìí. Ó tún dáa fún títa ẹsẹ̀, torí kickboard máa ń tẹ ọrùn sẹ́yìn, ó sì máa ń jẹ́ kí ìdí rì. Ẹ na apá méjèèjì síwájú, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ máa ta ẹsẹ̀ lọ.

Àmọ́ mímí nínú páìpù ní ìṣirò tiẹ̀. Tí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń fà sínú lẹ́ẹ̀kan tó nǹkan bíi mílílítà 500. Nǹkan bíi 150 nínú ẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́ kankan, ọ̀nà ọ̀fun ló máa dúró sí. Páìpù tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, á gba nǹkan bíi mílílítà 140 sí i. Ẹni tó bá wá ń mí kúkurú-kúkurú, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lò tán ló máa tún fà padà. Nítorí náà, ẹ mí jinlẹ̀, ẹ jẹ́ kó jáde tán. Ẹ má sì fi páìpù míì gùn ún lórí láéláé.

Omi máa ń fẹ́ wọ imú níbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dúró níbi tí omi ò ti jìn, ẹ ki ojú bọ̀ ọ́, kí ẹ fi ẹnu mí fún bíi ìṣẹ́jú kan. Tí ọkàn yín bá balẹ̀, ẹ máa ta ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kún un. Kílíìpù imú ò burú, kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta òkìtì lẹ́bàá ògiri, omi á kún inú páìpù. Ẹ sé èémí, ẹ yí padà, ẹ ti ògiri, tí orí páìpù bá sì ti yọ lókè omi, ẹ fẹ́ ẹ fùú kí ẹ tó fà sínú.

Kí ló dé tí mo ní kí ẹni tuntun ní sùúrù? Torí mímí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an ló ní láti kọ́, snorkel ò sì ní kọ́ ọ. Lábẹ́ òfin World Aquatics, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo nǹkan tó lè fi kún eré tàbí agbára rẹ̀ nínú ìdíje, nítorí náà snorkel ò wọ ibẹ̀. (Ìdíje finswimming yàtọ̀, snorkel wà lára irinṣẹ́ tiwọn.) Bó bá ti kọjá bí ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó ti pọ̀ jù lójú tèmi.

Snorkel kì í gbani lọ́wọ́ omi, àwọn àgbà sì ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tó fi snorkel dojú délẹ̀ tí kò mira jọ ẹni tó ti dákú. Lifeguard lè má mọ ìyàtọ̀ títí á fi pẹ́ jù, torí náà ẹ má kàn léfòó síbẹ̀. Púùlù ilé ìtura míì ò tilẹ̀ ní lifeguard kankan, ẹ má dá nìkan wọ irú ẹ̀. Ẹ má sì mí léraléra kíákíá kí ẹ tó rì sábẹ́ omi. Ó máa ń dín carbon dioxide kù nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ fún ara pé ó tó àkókò láti mí. Èèyàn lè dákú sábẹ́ omi láìsí àmì kankan. Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo èyí tí ibi tó ń wọ ẹnu rẹ̀ rọ̀, tí okùn orí rẹ̀ ò yẹ̀ tẹ́ ẹ bá mi orí. Ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án lẹ́yìn ìlò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni lò.