Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ìtàn Ẹ̀sìn, Sáyẹ́ǹsì àti Ìṣègùn

Nínú ìtàn ẹ̀sìn, sáyẹ́ǹsì àti ìṣègùn, ọ̀rọ̀ tó bá àsìkò kan mu lè ba ìtàn àsìkò mìíràn jẹ́. Nígbà tí Isaac Newton gbé ìwé Principia rẹ̀ jáde ní 1687, kò sẹ́ni tó pè é ní onísáyẹ́ǹsì. Ní nǹkan bí ọdún 1833 ni William Whewell ṣẹ̀dá orúkọ yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ̀ ìṣẹ̀dá ló yẹ kí Yorùbá pe iṣẹ́ Newton. Ẹni tó bá gbọ́ ìṣẹ̀dá ti gbọ́ Aṣẹ̀dá níbẹ̀, Newton pàápàá kò sì ya Ọlọ́run sọ́tọ̀ kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìjà ẹ̀sìn òun sáyẹ́ǹsì tí John William Draper kọ ìwé lé lórí ní 1874 kò gbọdọ̀ tipa ọ̀rọ̀ lásán wọ ayé Newton.

Orúkọ àrùn ló le jù. Lẹ́nu Yorùbá, Ṣọ̀pọ̀ná ni òrìṣà, òun náà ni àrùn. Ẹ̀rù rẹ̀ ló mú kí wọ́n máa pè é ní Olóde. Ní oṣù Karùn-ún 1796, ní Berkeley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edward Jenner gba oje egbò lọ́wọ́ Sarah Nelmes, ọmọbìnrin tó ń fún wàrà, tí àrùn màlúù ti ràn. Ó fi abẹ ya awọ apá James Phipps, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì fi oje náà sójú ibẹ̀, kí àrùn ṣọ̀pọ̀ná má baà mú un. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí: gbẹ́rẹ́ ló sín fún ọmọ náà. Bí olùkọ́ bá sọ pé Jenner gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, àṣìṣe ni, nítorí abẹ́rẹ́ oníhò kò tíì dé ilé ìwòsàn nígbà náà. Àrùn ṣọ̀pọ̀ná ló sì yẹ kó pe ohun tí Jenner ń dènà, kó má baà dà bíi pé òrìṣà ló ń bá jà.

Nínú ìtàn Dókítà Oguntola Sapara ẹ̀wẹ̀, ẹni tó wọ ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀ná kó lè mọ ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà ràn, Ṣọ̀pọ̀ná nìkan tó, torí pé àwọn olùsìn náà kò ya òrìṣà kúrò lára àrùn.

Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn ṣọ̀pọ̀ná ti parẹ́ láyé. Òrìṣà náà ṣì ní olùsìn ní Nàìjíríà, ó ń jẹ́ Omolu ní Brazil àti Babalú Ayé ní Cuba. Ìwé ìtàn tó bá fi orúkọ kan pe òrìṣà àti àrùn lẹ́yìn ọdún 1980 ti ṣìnà.