Ẹyẹ Oríṣiríṣi Nínú Agbo Kan: Ìtàn Ìwádìí Láti Igbó Orí Òkè

Ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú igbó orí òkè, níbi tí ìkúukùu ti ń bo igi, ẹyẹ tí kò bára tan rárá a máa kóra jọ, wọn a sì jọ máa jẹ̀ kiri. Igbó lè pa lọ́lọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, igi ti kún: èyí ń tú èèpo igi, ìyẹn ń wo abẹ́ ewé, òmíràn ń gán kòkòrò lófuurufú. Láìpẹ́, gbogbo wọn á ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú ìwé. Henry Walter Bates, ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn irú agbo bẹ́ẹ̀ láti igbó Amásónì nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1863. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ẹyẹ kékeré kan tó ní àwọ̀ eérú ló ń sa oògùn sí àwọn yòókù tí wọ́n fi ń tẹ̀ lé e.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, C. F. M. Swynnerton ń gbé nítòsí igbó Chirinda, lórí òkè kan ní ìlà oòrùn ibi tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí. Ní 1915 ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn Ibis. Lójú tirẹ̀, kòkòrò tó sá fún ẹyẹ kan ló ń bọ́ sẹ́nu èkejì, bí ìgbà tí àwọn ọdẹ bá ń lu ìgbẹ́ kí ẹran lè sá lọ bá ẹni tó lúgọ.

Martin Moynihan, tó kọ́kọ́ darí ilé ìwádìí Smithsonian ní Pánámà, fún ìmọ̀ yìí ní ìpìlẹ̀ ní 1962. Ó fi hàn pé àwọn ẹyẹ kan jẹ́ òpómúléró agbo, tí àwọn yòókù sì ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Ìtàn ẹyẹ eérú yẹn kò kúkú jìnnà sí òótọ́. Lórí òkè Chiriquí ní Pánámà, Moynihan kíyè sí i pé dúdú àti yẹ́lò ló pọ̀ lára àwọn ẹyẹ agbo; ó ní àwọ̀ tó jọra yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n lè wà papọ̀. Èrò tó gbóyà ni, àríyànjiyàn kò sì tán lórí rẹ̀.

Àwọn tó fara balẹ̀ tẹ̀ lé agbo lórí òkè ló wá rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. William Buskirk, George Powell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí òkè Pánámà jáde ní 1972. Powell tẹ ti Monteverde ní Costa Rica jáde ní 1979. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ló ní ilẹ̀ tirẹ̀. Bí agbo bá wọ ilẹ̀ náà, tọkọtaya tó ni ín á dara pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá dé ààlà wọn, wọ́n á yà, agbo á sì máa lọ.

Ààbò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ojú púpọ̀ ló ń ṣọ́ àṣá. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn náà wà. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Manu ní Peru, Charles Munn rí i pé ẹyẹ tó ń ṣọ́nà fún agbo a máa parọ́: bí òun àti ẹlòmíràn bá ń lé kòkòrò kan náà, á ké igbe àṣá níbi tí àṣá kò sí. Bí ẹnìkejì bá ta gìrì, á gbé kòkòrò mì. Ìwé ìròyìn Nature gbé èyí jáde ní 1986.

Ọdún 1972 kan náà tí ìwádìí Pánámà jáde ni Powell, ìyàwó rẹ̀ Harriet àti Wilford Guindon, àgbẹ̀ kan ní Monteverde, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti dáàbò bo igbó ibẹ̀. Nàìjíríà náà ní igbó orí òkè, bí Ngel Nyaki lórí òkè Mambilla. Kí ẹni tó bá débẹ̀ mú ìwé àti kálàmù dání, kí ó kọ aago tí agbo kọjá, irú ẹyẹ tó wà nínú rẹ̀, àti èyí tó kọ́kọ́ ké.