Orúkọ Tí Wọ́n Fún Ọmọ Aláìlóbìí: Ìtàn Ìwádìí Ìkólòlò Ọdún 1939

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Sùúrù ni òwe náà ń kọ́ni: ẹni tí ọ̀rọ̀ ń há mọ́ lẹ́nu yóò sọ ohun tó fẹ́ẹ́ sọ, bí àwọn tó yí i ká bá lè mú sùúrù. Àwọn àgbà kan náà ló tún sọ pé orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Láti oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Karùn-ún ọdún 1939, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan pinnu láti fi ojú rí i bóyá orúkọ lè ro ọmọ lóòótọ́. Wọ́n mú àwọn ọmọ tí kì í kólòlò, wọ́n pè wọ́n ní akólòlò, wọ́n sì dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ilé ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ti mú àwọn ọmọ náà. Kò sí ìyá tàbí bàbá nítòsí tí yóò béèrè ìdí.

Kì í ṣe ibi tí ìmọ̀ kò dé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Yunifásítì Iowa wà lára àwọn ibi tí iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìpàdé kékeré kan tí wọ́n ṣe ní ilé Lee Edward Travis ní Iowa City lọ́dún 1925 wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí iye ọmọ rẹ̀ ti ju 200,000 lọ lónìí. Èrò Travis ni pé ìjà láàárín apá ọ̀tún àti apá òsì ọpọlọ ló ń fa ìkólòlò, pàápàá lára ọmọ tí wọ́n fi tipá mú kó pa ọwọ́ òsì tì. Nítorí náà, wọ́n a máa di ọwọ́ ọ̀tún àwọn akólòlò kan kí wọ́n lè padà máa lo òsì.

Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n di lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ni Wendell Johnson. Ìpínlẹ̀ Kansas ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1906, akólòlò paraku sì ni. Ìwòsàn ló bá dé Iowa lọ́dún 1926. Wọ́n fi símẹ́ńtì òyìnbó tí wọ́n fi ń to eegun bo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkólòlò náà kò lọ. Dípò kó padà sílé, ó jókòó síbẹ̀, ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á. Johnson gbà pé òun mọ ibẹ̀.

Ohun tó máa ń sọ ni pé òun kì í kólòlò rárá nígbà tí òun wà ní kékeré, àfìgbà tí olùkọ́ kan sọ fún àwọn òbí òun pé ọmọ yín ti ń kólòlò. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń ṣọ́ ẹnu òun, tí òun náà sì ń ṣọ́ ọ, títí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù fi dé. Ó fi èyí kọ́ èrò kan tó gbajúmọ̀ káàkiri ayé lẹ́yìn náà. Gbogbo ọmọ kékeré ló ń kọsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń kọ́ èdè. Wọ́n a pe ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n a dúró, wọ́n a tún bẹ̀rẹ̀. Bí àgbà bá gbọ́ ìkọsẹ̀ yẹn tó sì sọ ọ́ ní ìkólòlò, Johnson ní ìgbà náà ni ọmọ yóò di akólòlò. Lójú tirẹ̀, etí òbí ni àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọmọ.

Èrò tó lẹ́wà ni, ṣùgbọ́n èrò tí a kò tíì dán wò kò tíì di ìmọ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe lè dán irú èyí wò láìpa ọmọ lára? Ìbéèrè tó yẹ kó dá iṣẹ́ náà dúró nìyẹn.

Johnson fa iṣẹ́ náà lé Mary Tudor lọ́wọ́, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kàwé fún oyè másítà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n lọ ni ilé ọmọ aláìlóbìí tó wà ní ìlú Davenport, ní ẹ̀bá odò Mississippi. Nítorí àwọn ọmọ sójà tó kú nínú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe dá ilé náà sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1865. Wọ́n ṣa ọmọ 22 níbẹ̀, láti ẹni ọdún 5 títí dé ọdún 15. Àwọn olùtọ́jú ilé náà ti sọ pé 10 nínú wọn ń kólòlò. Àwọn 12 yòókù ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́ wọn.

Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Nínú àwọn 10 tó ń kólòlò, wọ́n sọ fún 5 pé ọ̀rọ̀ wọn dára, pé kí wọ́n má fetí sí ẹni tó bá ní wọ́n ń kólòlò. Wọ́n sọ fún 5 kejì pé òótọ́ ni, akólòlò ni wọ́n. Nínú àwọn 12 tí ohunkóhun kò ṣe, wọ́n yin 6. Àwọn 6 tó kù ni ọ̀rọ̀ náà wá dé bá. Tudor sọ fún wọn pé àmì ìkólòlò ti hàn lára wọn, pé kí wọ́n fi gbogbo agbára dá a dúró, pé ó sàn kí wọ́n má sọ̀rọ̀ rárá ju kí wọ́n sọ ọ́ láìdán mọ́rán. Ó tún sọ fún àwọn olùtọ́jú àti olùkọ́ ilé náà pé kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí wọ́n máa tọ́ wọn sọ́nà nígbàkúùgbà tí wọ́n bá kọsẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún àwọn tó ń tọ́jú wọn.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn ọmọ náà kò di akólòlò gẹ́gẹ́ bí Johnson ti rò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀, ó sì burú lọ́nà tirẹ̀: ẹnu wọn pa mọ́. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fàlàlà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn ìbéèrè. Àwọn mìíràn ń tijú, wọn kò fẹ́ẹ́ kàwé sókè mọ́ ní kíláàsì. Ọmọ tí kò ní òbí, tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ nìkan ló fi ń gbèjà ara rẹ̀, ni wọ́n gba ẹnu náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkàn Tudor kò balẹ̀. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà parí, ó padà lọ sí Davenport láti gbìyànjú àtúnṣe. Lọ́dún 1940, ó kọ lẹ́tà sí Johnson pé ohun tí wọ́n ṣe ti fi àpá sára àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀; bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwé àpilẹ̀kọ Tudor wà nínú ilé ìkàwé yunifásítì náà, Johnson kò sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú jọ́nà kankan. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ nípa rẹ̀ fún un ní orúkọ ìnagijẹ kan, “Monster Study”, tó túmọ̀ sí ìwádìí ẹhànnà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí ayé gbọ́ ohun tí àwọn dókítà Násì ṣe sí àwọn ẹlẹ́wọ̀n, kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dárúkọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ Iowa.

Síbẹ̀, èrò náà ń lọ síwájú láìsí ẹ̀rí. Johnson kéde pé àwọn ẹ̀yà Bannock àti Shoshone, tí í ṣe ara àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, kò ní akólòlò láàárín wọn, nítorí pé èdè wọn kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún un. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn padà lọ bá àwọn ènìyàn náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà nínú èdè wọn, wọ́n sì bá akólòlò pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, ìmọ̀ràn tí àwọn òbí ń gbà ni pé kí wọ́n má dárúkọ ìkólòlò létí ọmọ, kí wọ́n máa ṣe bí ẹni pé kò sí. Ọmọ tó yẹ kó rí ìtọ́jú ń dàgbà láìrí i. Ìyá tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni a sì máa sùn nínú ẹ̀bi, pé etí òun ló ba ọmọ òun jẹ́. Johnson kú lọ́dún 1965, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìtọ́jú ọ̀rọ̀ àti ìgbọ́ràn tó wà ní yunifásítì náà.

Lọ́dún 1988, Franklin Silverman kọ àpilẹ̀kọ nípa ìwádìí náà nínú jọ́nà àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n kò dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìwé ìròyìn ló tú àṣírí rẹ̀ fáyé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, San Jose Mercury News gbé ìròyìn Jim Dyer jáde. Ìgbà náà ni àwọn kan lára àwọn ọmọ Davenport, tí wọ́n ti di arúgbó, ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fi àwọn dán nǹkan wò ni. Fún ọdún tó lé ní 60, wọ́n gbà pé àléébù tó wà lára àwọn ni. Yunifásítì Iowa tọrọ àforíjì lọ́dún kan náà. Àwọn kan pe ìjọba ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Iowa sì kọ̀ láti da ẹjọ́ náà nù. Lọ́dún 2007, ìjọba gbà láti san 925,000 dọ́là fún ẹni 6, ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wọn ti kú, àwọn ajogún wọn ló gba tiwọn.

Lọ́dún 2002, Nicoline Ambrose àti Ehud Yairi ti Yunifásítì Illinois tún àkọsílẹ̀ Tudor yẹ̀ wò. Ìdájọ́ wọn ni pé kò sí ohun tó fi hàn níbẹ̀ pé pípe ọmọ ní akólòlò ló ń sọ ọ́ di akólòlò. Àwọn onímọ̀ nípa àjogúnbá náà sọ tiwọn. Lọ́dún 2010, wọ́n rí àyípadà nínú jíìnì kan lára àwọn ìdílé akólòlò ní Pakistan. Lọ́dún 2015, wọ́n tún rí òmíràn nínú ìdílé ńlá kan ní Kamẹrúùnù, orílẹ̀-èdè tó bá Nàìjíríà pààlà. Ìkólòlò a máa ti ara wá, a sì máa ti inú ẹbí wá. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, kì í ṣe àìgbọ́ràn ọmọ.

Ìyípadà tó dára jù lọ nínú ìtàn yìí wá láti ìlú Sydney ní Australia. Láti àwọn ọdún 1980 ni Mark Onslow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe ètò ìtọ́jú kan fún àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń pè ní Lidcombe. Òbí gan-an ni olùtọ́jú nínú ètò yìí. Yóò máa mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, onímọ̀ yóò kọ́ òbí, òbí yóò sì máa ṣe é nílé. Olórí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yin ọmọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá já gaara. Bó bá tilẹ̀ ní láti mẹ́nu ba ìkọsẹ̀, yóò ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2005, wọ́n gbé àbájáde ìdánwò tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọmọ 54 ní New Zealand jáde: ìkólòlò àwọn tó gba ìtọ́jú yìí dín kù gan-an ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Etí òbí tí Johnson dá lẹ́bi ti di ohun èlò ìwòsàn.

Ìtàn Davenport kò wá láti sọ pé kí àgbà dákẹ́ nígbà tí ọmọ bá ń kọsẹ̀. Àṣìṣe tí ìdákẹ́ náà mú wá ti hàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ kékeré tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò ló ń bọ́ níbẹ̀ fúnra wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tí tirẹ̀ yóò dúró. Bí ó bá ti ń tó oṣù mẹ́fà tí kò lọ, tàbí tí ọmọ bá ti ń fi ipá sọ̀rọ̀, ó yẹ kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ọmọ tó pé ọdún 2 tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ náà yẹ ní àyẹ̀wò, etí rẹ̀ ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn wà lára ibi tí a ti lè béèrè wọn.

Ní ti inú ilé, ohun tó yẹ kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Kí a jẹ́ kí ọmọ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìgbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Kí a má sín in jẹ, kí a má sì gbà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti sín in jẹ. Kí olùkọ́ má nà án nítorí pé ìdáhùn pẹ́ kó tó jáde. Kí a má sì fi àìsàn ẹnu rẹ̀ ṣe orúkọ tí gbogbo àdúgbò yóò máa pè é. Àwọn ọmọ 6 tí wọ́n fún ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní Davenport kò kólòlò rárá, síbẹ̀ ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọmọ tó ń kólòlò lóòótọ́ ti ní ẹrù tirẹ̀ láti rù. Kò yẹ kí àwọn tó bí i tún dì kún un.