Ilé Là Á Wò: Títọpasẹ̀ Baba Ńlá Tí Wọ́n Gbé La Òkun Kọjá



Kò sí iṣẹ́ kan tí a ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé òrìṣà láìkọ́kọ́ júbà. A ó ta omi sílẹ̀, a ó pe Olódùmarè, lẹ́yìn náà a ó pe àwọn òkú lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Ifá tí ó ti Kúbà wá, orúkọ kan wà tí wọn kì í fò: Adechina, ẹni tí ìwé ìjọba mọ̀ sí Remigio Herrera, babaláwo Ọ̀bàrà Méjì, tí ó gbé ní Regla létí èbúté Havana, tí ó sì kú níbẹ̀ ní 1905. A ń pè é, a ń júbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ titun bá béèrè pé ọmọ ta ni, ará ibo ni, ogun wo ni ó kó o, ẹnu ọ̀pọ̀ wa a wọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Àwa tí òkun là láàárín kò ní ilé tí a ó wò. Orúkọ la kọ́kọ́ ní lọ́wọ́, inú orúkọ la sì ti ń wá ilé lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lọ́dọọdún ni àwọn kan ń ti ìrìn àjò bọ̀ tí wọ́n ń sọ pé àwọn ti rí ìlú baba ńlá àwọn, pé ọmọ ọba ni, pé ẹnì kan sọ ọ́ fún àwọn láàárín ọjọ́ méjì. Bí a bá gbé baba tí kì í ṣe baba fún òkú, tí a sì ń ta omi fún un, baba gan-an dúró síta, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí á jọ wo bí a ti ń tọ ipasẹ̀ ẹni tí wọ́n gbé lọ, àti ibi tí ó yẹ kí á ti dúró.

Orúkọ tí ó wà nínú orúkọ

Ẹ wo bí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ṣe pín. “Remigio” jẹ́ orúkọ ìrìbọmi. Àlùfáà ló fún un. “Herrera” jẹ́ orúkọ ìdílé olówó rẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ẹrú ń jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gba òmìnira. Kí ó tó gba òmìnira, “Remigio, lucumí” ni ìwé yóò pè é, bí ẹni pé ẹ̀yà ni orúkọ baba rẹ̀. “Adechina” nìkan ni ó bá a ti ilé wá.

Orúkọ olówó yìí ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọn a sì fẹ́ jù ú nù. Ẹ má jù ú nù. Òun ni kọ́kọ́rọ́ àpótí. Ìwé ìgbà náà kò to àwọn ènìyàn wa lẹ́sẹẹsẹ gẹ́gẹ́ bí ọmọ baba kan. Abẹ́ orúkọ ẹni tí ó rà wọ́n ni wọ́n tò wọ́n sí. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ olówó yóò rí ẹgbàágbèje “José, lucumí”, kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Kí á wá mú Adechina. Etí Spéènì kò gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, kò sì ní ṣ; ch ni ó fi rọ́pò rẹ̀. Bí a bá dá a padà sí ìdí rẹ̀, Adéṣínà ni: adé ṣí ọ̀nà. Orúkọ tí à ń sọ ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá títí di òní ni. Ó fi hàn pé agboolé tí adé ti ní ìtumọ̀ ni wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n kò sọ adé ìlú wo. Adé pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ju iye tí ẹnì kan lè kà lórí ìka lọ, ilé olóyè tí kò jọba rí pàápàá sì ń fi adé sọ ọmọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ “Adé” tí ó sì sáré lọ sí ààfin kan ṣoṣo ti fo odò láìmọ̀ bí ó ti fẹ̀ tó.

A tún ní láti ya orúkọ ìbí sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ọ̀ṣà. Josefa Herrera, ọmọ Adéṣínà tí gbogbo Regla mọ̀ sí Pepa, tí ó sì kú ní 1947, ni a ń júbà gẹ́gẹ́ bí Echubí. Èṣù bí i, bẹ́ẹ̀ ni; ṣùgbọ́n ní Kúbà ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ni orúkọ yẹn ti bá a nínú òrìṣà. Kò lè sọ agboolé baba rẹ̀ fún wa. Timotea Albear, àgbà ọlọ́ṣà Havana tí a mọ̀ sí Latuán, ni a tún ń pè ní Ajayí Lewú. Àjàyí jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá: ó ń sọ pé ìdojúbolẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà. Ọ̀yọ́ ń jẹ́ Àjàyí, Ẹ̀gbá ń jẹ́ ẹ, Ìjẹ̀bú náà ń jẹ́ ẹ. Orúkọ yìí ń sọ bí ènìyàn ṣe wáyé, kò sọ ibi tí ó ti wáyé.

Lucumí kì í ṣe ìlú kan

Lẹ́yìn orúkọ, ẹ̀yà ló kàn. Nínú ìwé Kúbà ẹ ó rí lucumí eyó, lucumí eguado, lucumí yesá, lucumí yebú. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò dá wọn mọ̀ kíákíá: Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbádò, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n ẹ ó tún rí lucumí tapa àti lucumí jausá, ìyẹn Tápà àti Haúsá. Lucumí jẹ́ agbo ńlá tí wọ́n da ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gba ojú ọ̀nà kan náà dé etí òkun sí. Nítorí náà, kí ìwé pe ènìyàn ní lucumí kò tíì tó láti sọ pé èdè Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

“Eyó” pàápàá gba àmójútó. Ọ̀yọ́ jẹ́ ìlú, ó sì tún jẹ́ ilẹ̀ ọba tí ó ní ọ̀pọ̀ ìlú lábẹ́. Ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní Eyó lè jẹ́ ará ìlú kékeré kan tí ń sìn Aláàfin. Ní Havana, Juan Nepomuceno Prieto, sájẹ́ǹtì tí ó fẹ̀yìn tì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú, ṣe olórí cabildo Lucumí tí wọ́n fi orúkọ Santa Bárbara pè, kí ìjọba tó mú un ní 1835. Ní Matanzas, àwọn Ìjẹ̀ṣà dá cabildo Iyesá Modú sílẹ̀ ní 1845, ìlù wọn sì wà lọ́tọ̀. Bí ẹbí yín bá ń rántí cabildo tí baba ńlá yín ń lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ènìyàn bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ní ọjọ́ àjọ̀dún sábà máa ń sọ òtítọ́ ju ohun tí oníṣòwò kọ lé e lórí lọ.

Ogun ni kí á bi

Lẹ́yìn tí ìyípadà Haiti bẹ̀rẹ̀ ní 1791, oko ìrèké Kúbà gbilẹ̀, ó sì ń wá ènìyàn. Ní àkókò yẹn gan-an ni ilé wa ń dàrú. Àfọ̀njá kọ ẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin. Ogun Òwu jà ní àwọn ọdún 1820. Ìlú Ẹ̀gbá inú igbó túká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ di ahoro ní nǹkan bí 1836. Àwọn tí ogun wọ̀nyí kó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a ń júbà.

Bí a bá mọ ọdún tí ènìyàn dé Kúbà, ogun lè bá wa já irọ́. Ẹni tí ó ti wà ní Matanzas ní 1825 kò lè jẹ́ ará Abẹ́òkúta, nítorí 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ ẹ́ dó. Ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́ kan ni kí á bi. Ẹni tí ó jẹ́ ará Ọ̀yọ́ ní àkókò kan náà kì í ṣe ará Ọ̀yọ́ tí mọ́tò ń gbé wa lọ lónìí, èyí tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó lẹ́yìn ìṣubú. Ọ̀yọ́-Ilé ni, lókè lọ́hùn-ún nínú pápá ọ̀dàn. Bákan náà, bí wọ́n bá ní ogun Kírìjì ni ó kó Ìjẹ̀ṣà kan lọ sí Kúbà, kò rí bẹ́ẹ̀: 1877 ni Kírìjì bẹ̀rẹ̀, òwò ẹrú sí Kúbà sì ti dópin kí 1870 tó dé.

Ẹ rántí Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n dì í sínú ọkọ̀ Potogí ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gba ọkọ̀ náà, ó gbé e lọ sí Freetown. Nígbà tí ó tún rí ìyá rẹ̀ ní 1846, Abẹ́òkúta ni ó ti rí i, kì í ṣe Òṣogùn. Bí ẹni tí ó padà láàyè, tí ó gbọ́ èdè, tí ó rántí ojú ìyá rẹ̀, kò bá ìdílé rẹ̀ níbi tí ó fi wọ́n sí, kí ni àwa ọmọ ọmọ ń retí láti bá lẹ́nu ọ̀nà? Ìdílé ń ṣí. Ìlú ń kú. Ẹni tí a ń wá lè ní ẹbí ní ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kò fojú kàn rí.

Ìwé tí ó ṣẹ́kù

Ẹ̀yìn ni kí á máa rìn bọ̀, láti ọ̀dọ̀ alààyè lọ sí ọ̀dọ̀ òkú. Kúbà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sínú ìwé ìjọba ní 1885. Ó bọ́ sí àkókò ọ̀pọ̀ àgbà Áfíríkà tí ó kú sí orílẹ̀-èdè náà, nítorí 1886 ni oko ẹrú tó parí níbẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ìwé ìrìbọmi ìjọ Kátólíìkì ni ká wò. Ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú wà lọ́tọ̀. Wọ́n máa ń kọ ọjọ́, orúkọ, ẹ̀yà, olówó, àti ẹni tí ó dúró fún un níbi ìrìbọmi. Ẹ má fojú fo ẹni tí ó dúró yẹn: ọ̀pọ̀ ìgbà, ará ilé kan náà ni. Yunifásítì Vanderbilt ti ya àwòrán ọ̀pọ̀ nínú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Matanzas sì wà níbẹ̀.

Ìwé tí akọ̀wé òfin kọ tún wà: ìwé títà, ìwé òmìnira, ìwé ìpínhogún. Ẹni tí ó ń san owó orí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yóò fi ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Orúkọ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń wá, òun sì ni ó yẹ kí á fi sí ìgbẹ̀yìn. Spéènì àti Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí àdéhùn ní 1817 pé òwò ẹrú gbọ́dọ̀ dópin ní 1820. Èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, fàyàwọ́ ni, fàyàwọ́ kì í fẹ́ kọ ìwé. Àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ fàyàwọ́ nìkan ni ìwé wọn kún. Ilé ẹjọ́ tí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ dá sílẹ̀ ní Havana kọ orúkọ àwọn tí ó lé ní 10,000 láàárín 1824 àti 1841: orúkọ ilé, orúkọ Spéènì, ẹ̀yà, ọjọ́ orí, gíga, àti ilà ara. Ẹni tí ó bá mọ àbàjà yàtọ̀ sí pélé yóò rí nǹkan kà níbẹ̀ tí akọ̀wé tí ó kọ ọ́ kò mọ̀ pé òun kọ.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri ńkọ́? Ó lè fi ìbátan alààyè hàn wá, ó wúlò fún ìyẹn. Kò lè dárúkọ ìlú, kò lè kì wá ní oríkì.

Ẹ̀jẹ̀ àti òrìṣà

Nínú ìjúbà wa, òkú ẹ̀jẹ̀ àti òkú òrìṣà jọ ń dúró ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìtàn, kí á yà wọ́n. Bí ìdí òrìṣà mi bá ti ọwọ́ obìnrin Ẹ̀gbádò kan wá, èmi kò di ọmọ Ẹ̀gbádò. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ni mo jẹ́.

Ìtàn ẹnu náà ní àyè tirẹ̀. Àwọn àgbà ń sọ pé Adéṣínà gbé ikin mì kí ó lè gbé e la òkun já. Kò sí ìwé tí yóò kọ irú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọdún tí ó sọ ọ́, kí ẹ má fi ti òní kún un. Ohun tí ó ń wí kò ṣòro í gbọ́: wọ́n gba gbogbo ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò rí ti inú rẹ̀ gbà.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹgbẹ́ wa nìyí. Kí ilé kọ̀ọ̀kan kọ àwọn orúkọ ìjúbà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹnu àwọn àgbà ilé náà ṣe ń pè wọ́n. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí á kọ èyí tí a rò pé ó jẹ́ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn. Kí á má ṣe pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ nítorí ti èkejì. Adechina ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi pè é títí ilẹ̀ fi mọ́ bá wa. Adéṣínà ni ìyá rẹ̀ pè é. Òkú kan náà ni yóò gbọ́ méjèèjì. Níbi tí ìlú kò bá hàn, kí á pe orúkọ, kí á ta omi, kí á dákẹ́. Omi tí a ta fún orúkọ tòótọ́ mọ ọ̀nà ilé.

Kí àwọn tí ó ṣáájú máa gbọ́ tiwa. Àṣẹ.