Láti Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Onígbèsè Dé Orí Fóònù

Ní ọ̀sán Sátidé kan, fóònù ìyá mi dún nígbà tí a ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé wa ní Peckham, ní London. Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀lẹ́ dárúkọ ìyá mi láìṣì í pè. Ó ní àdéhùn tí ìyá mi fi ń san gbèsè rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó yẹ kí wọ́n fún un. Ó ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni, àti pé owó ńlá wà nílẹ̀ tí yóò gbà padà bí ó bá lè sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀. Ìyá mi wò mí, ó sì yára jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó jẹ gbèsè. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀.

Ọpẹ́ ni pé kò sọ nọ́ńbà kankan. Ọkùnrin náà ní òun yóò tún pè ní ọjọ́ Ajé. Lálẹ́, ìyá mi jókòó tì mí, ó sì bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: "Báwo ló ṣe mọ orúkọ mi? Ṣé kì í ṣe òótọ́ ló ń sọ? Kí ni kí n wí bó bá tún pè?" Inú ìtàn ni mo ti rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láyé àtijọ́, gbangba ni ojú ti máa ń ti onígbèsè. Ní ilẹ̀ Yorùbá, olówó lè rán ológò sí i. Ológò á wọlé onígbèsè, á jókòó pa, á máa bú wọn, á máa pariwo, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi wá owó náà jáde. Ẹlòmíràn á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀wọ̀n ni. Ògiri ọ̀kan lára àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n onígbèsè, Marshalsea, ṣì wà ní Southwark, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí Peckham wà. Ní 1824, wọ́n ti John Dickens mọ́ ibẹ̀ nítorí 40 pọ́n-ùn àti ṣílè 10 tí ó jẹ oníbúrẹ́dì. Charles ọmọ rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún 12 lọ, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe póólíìṣì bàtà ní àkókò náà. Ọmọ yẹn di òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀, síbẹ̀ ìtìjú ọdún náà kò tán lára rẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló sọ ọ́ fún.

Wọ́n ti Marshalsea pa ní 1842. Òfin ọdún 1869 sì fòpin sí ẹ̀wọ̀n fún ọ̀pọ̀ jù lọ irú gbèsè. Ní 1986, òfin mìíràn ṣí ọ̀nà àánú kan sílẹ̀ ní England àti Wales, èyí tí wọ́n ń pè ní IVA. Ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn yóò bá àwọn tó jẹ lówó ṣe àdéhùn nípasẹ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ. Bí àwọn olówó tó dìbò, tí gbèsè ọwọ́ wọn tó ìdá 75 nínú 100, bá gbà, yóò máa san ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká lóṣooṣù, ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá san án dé òpin, wọn yóò fi èyí tó kù jì í. Ọ̀nà yìí ni ìyá mi gbà.

Ibi tí ìdáhùn àkọ́kọ́ wà nìyí. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó bá wọ IVA máa ń wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, pé ẹnì kan mọ orúkọ ìyá mi àti pé ó ní IVA kò fi hàn pé láti ọ̀dọ̀ báńkì tàbí ìjọba ló ti ń pè.

Ìbéèrè kejì ló le jù, nítorí irọ́ yìí wọ aṣọ òótọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ta insọ́ránsì kan tí wọ́n ń pè ní PPI mọ́ owó yíyá. Wọ́n ní yóò bá ènìyàn san gbèsè bí àìsàn tàbí àìríṣẹ́ bá dé. Ṣùgbọ́n wọ́n tà á fún àwọn tí kò lè wúlò fún láé, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn rà á. Ní 2011, ilé ẹjọ́ gíga dá ẹgbẹ́ àwọn báńkì lẹ́bi. Kí ọ̀rọ̀ náà tó tán, àwọn báńkì ti san owó tó ju bílíọ̀nù 38 pọ́n-ùn padà fún àwọn oníbàárà. Ọjọ́ 29 Oṣù Kẹjọ 2019 ni ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìfisùn náà.

Lọ́fẹ̀ẹ́ ni ènìyàn lè fi ẹjọ́ náà sùn fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá ni gba owó ìtanràn pọ̀ bí eéṣú, wọ́n ń pe fóònù tọ̀sán tòru, wọ́n sì ń gba ìpín tó pọ̀, títí òfin fi dín in kù sí ìdá 20 nínú 100 ní 2018. Àwọn ará ilú ti kọ́ láti inú ìtàn yìí pé àjèjì lè pè, kí owó sì jáde lóòótọ́. Àwọn oníjìbìtì náà kọ́ ọ. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nígbà tí ti PPI tán, wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n fi orúkọ IVA sí i.

Òótọ́ kan wà nínú rẹ̀ ṣá o. Àwọn kan wà tí wọ́n tì sínú IVA tí kò bá wọn mu, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó júwe ọ̀nà fún wọn ń gba owó lórí orí kọ̀ọ̀kan. Ní 2023, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìṣúná, FCA, fi òfin de irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu àjèjì tó pè é ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn kẹta wá rọrùn. Láti Oṣù Kẹsàn-án 2018, òfin ti kà á léèwọ̀ fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti pe ẹni tí kò fún wọn láyè. Ẹni tó bá pè láìgbàṣẹ ti rú òfin kí ó tó sọ gbólóhùn kejì. Ẹ má sọ ọjọ́ ìbí yín, ẹ má sọ nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ má san owó kankan ṣáájú. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ dá owó oṣooṣù dúró, ẹ má gbọ́, nítorí àdéhùn náà lè bàjẹ́, kí gbogbo gbèsè sì padà sọ́rùn yín. Ẹ pa fóònù. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà yín pe ẹni tó ń bójú tó àdéhùn yín, tàbí kí ẹ lọ bá Citizens Advice, tí kì í gba kọ́bọ̀. Bí ohùn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọ̀nà ìfisùn ìjọba wà, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, fóònù dún. Ìyá mi kò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Mo mọ ibi tí mo ti lè fi ẹjọ́ mi sùn. Ẹ má pè mí mọ́." Ó pa á. Lẹ́yìn náà, ó gbé lẹ́tà àdéhùn rẹ̀ jáde lábẹ́ àpótí aṣọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì ní kí n wá bá òun kà á. Ohun tí ọkùnrin yẹn gbójú lé ni pé ìtìjú kò ní jẹ́ kí ìyá mi bi ẹnikẹ́ni léèrè. A kà á tán ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó kù ọdún méjì kí ó san án tán.