Danger, Àwo Orin Àwọn Lijadu Sisters

Danger ni àwo orin tí àwọn ìbejì Táíwò àti Kẹ́hìndé Lìjàdù, tí ayé mọ̀ sí Lijadu Sisters, gbé jáde ní 1976 lábẹ́ àmì Afrodisia ti ilé iṣẹ́ Decca. Òun kọ́ ni àkọ́kọ́ wọn. Urede ti ṣáájú rẹ̀ ní 1974. Àmọ́ Danger ló fi ẹsẹ̀ wọn múlẹ̀.

Ìlú Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí wọn sí ní 1948. Wọ́n gbọ́ rẹ́kọ́dù Aretha Franklin àti ti Miriam Makeba dàgbà, ìbátan ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, olórin Afrobeat, sì jẹ́ sí wọn. Ìdí nìyí tí sóòlù àti fọ́ńkì Amẹ́ríkà fi bá Afrobeat gbé pọ̀ nínú àwo yìí láìjà. Biddy Wright, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ gìtá tó tún mọ dùùrù, ló bá wọn to orin náà.

Ohùn wọn gan-an ni ẹwà àwo yìí. Àṣà àwọn eléré wa ni pé kí ẹnìkan lé orin, kí àwọn yòókù gbè é. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn èjìrẹ́ wọ̀nyí jọ ń bẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n jọ ń dákẹ́, ohùn wọn sì sún mọ́ra débi pé ó ṣòro láti mọ èyí tí í ṣe ti Táíwò. Wọn kì í pariwo. Síbẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ yìí ni wọ́n fi sọ ẹ̀hónú wọn nínú "Life's Gone Down Low" àti "Cashing In", nígbà tí owó epo ń ya wọlé tí mẹ̀kúnnù kò sì rí i lò. "Amebo", orúkọ tí gbogbo ilé mọ̀ láti inú eré tẹlifíṣọ̀n Village Headmaster, bá olófòófó wí. Ní àkókò tí obìnrin sábà máa ń jẹ́ elégbè lẹ́yìn ọkùnrin, àwọn méjèèjì ló ń kọ orin ara wọn.

Mother Africa tẹ̀lé e ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980. Nas, olórin ráàpù, fi "Life's Gone Down Low" ṣe orin tirẹ̀ ní 2006. Knitting Factory Records sì tún Danger tẹ̀ jáde ní 2011, nígbà tí àwọn ìbejì náà ṣì wà láàyè láti gbọ́ ìyìn rẹ̀. Kẹ́hìndé kú ní oṣù kọkànlá 2019.